Wọ́n ní kí ìyá mi bá wọn dán èjìká àtọwọ́dá wò: ṣé kí wọ́n fọwọ́ sí i?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Leeds ni àwọn òbí mi ń gbé. Ìyá mi ti pé ọdún 68, làkúrègbé sì ti jẹ èjìká ọ̀tún wọn débi pé wọn ò lè ya irun orí ara wọn mọ́. Òru ló máa ń burú jù. Dókítà eegun ní àfi kí wọ́n pààrọ̀ oríkèé náà. Ibi tí wàhálà wà nìyí: ó fún wọn ní ìwé kan pé ìwádìí kan ń lọ lọ́wọ́, oríṣi èjìká méjì ni wọ́n ń fi wéra, kọ̀ǹpútà ni yóò sì yan èyí tí wọ́n máa fi sí wọn lára, bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣẹ́ kèké. Bàbá mi ti yarí kanlẹ̀. Wọ́n ní kò sí ẹni tó máa fi ìyàwó àwọn dán ọ̀bẹ wò. Ìyá mi ní ohun tí mo bá sọ ni àwọn máa ṣe. Kí ni kí n sọ?

* * *

Bí ẹ bá ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ ìbéèrè yìí ni mo ṣe ń dá yín lóhùn. Mo ti ṣe nọ́ọ̀sì ní tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, eegun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mọ́kànlá. Èmi ni mo máa ń na irin sí dókítà, nítorí náà mo mọ bí wọ́n ṣe wúwo tó lọ́wọ́ kí wọ́n tó wọ ara ẹnikẹ́ni.

Àbúrò, kí o tó dá bàbá lóhùn, ka ìwé yẹn dáadáa, kí o wá nǹkan kan jáde nínú rẹ̀: ṣé irin náà gan-an ni tuntun, àbí ìfiwéra ni tuntun? Ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n gbé irin tí kò wọ ara ènìyàn rí wá. Ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n mú méjì tí wọ́n ti ń lò tipẹ́, kí wọ́n wò ó èwo ló sàn jù. Bí o ṣe ròyìn rẹ̀ yìí, èkejì ló jọ. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní RAPSODI. Ẹni ọgọ́ta ọdún sókè tí iṣan èjìká rẹ̀ kò tíì já ni wọ́n ṣe é fún, owó ìjọba ló sì gbé e ró, ilé-iṣẹ́ tó ń ta irin kọ́.

Ẹ̀yin tí kò yé, ẹ fojú inú wo ọsàn tí wọ́n gbé lé orí àwo pẹrẹsẹ. Ọsàn ni orí eegun apá, àwo ni ti eegun pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn èjìká. Àwo yẹn kò jìn rárá. Ti ìbàdí dà bí ọmọ odó nínú odó, ti èjìká kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣan mẹ́rin tó yí i ká ló ń fa ọsàn mọ́ àwo kó má bàa yí bọ́. Oríṣi èjìká àtọwọ́dá kìíní tẹ̀lé bí Ọlọ́run ṣe dá a: orí irin rogodo sí apá, àwo ike sí ẹ̀yìn. Èkejì da gbogbo rẹ̀ rú. Ọsàn bọ́ sí ẹ̀yìn, àwo bọ́ sí apá. Dókítà Paul Grammont ní ìlú Dijon, nílẹ̀ Faransé, ló mú ìyẹn gún régé lọ́dún 1985 fún àwọn tí iṣan mẹ́rin wọn ti já, torí bó bá ti yí padà bẹ́ẹ̀, iṣan ńlá tó bo èjìká lókè lè dá apá gbé. Amẹ́ríkà kò fọwọ́ sí i àfi ní 2003.

Ṣé o rí i pé kò sí èyí tó jẹ́ àná? Ohun tí wọn ò tíì mọ̀ ni èwo ló yẹ ẹni bíi màmá, tí làkúrègbé ti jẹ oríkèé rẹ̀ ṣùgbọ́n tí iṣan rẹ̀ ṣì wà pé. Ní 2020, NICE, àwọn tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé kí wọ́n lọ ṣèwádìí rẹ̀.

* * *

Mo ti rí i pé ẹni mẹ́ta ti dárúkọ Kano. Kò burú, ó yẹ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀. Ní 1996, nígbà tí meningitis ń pa àwọn ọmọdé níbẹ̀, Pfizer fún ọmọ 100 ní oògùn tuntun tí wọ́n ń pè ní Trovan, wọ́n fún 100 mìíràn ní oògùn tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 ló kú, láti ẹgbẹ́ méjèèjì. Ẹjọ́ tí àwọn òbí pè ni pé kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn sọ fún wọn. Lọ́dún 2009 wọ́n fẹnu kò pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kano lórí 75 mílíọ̀nù dọ́là, wọn ò sì gbà pé àwọn jẹ̀bi.

Ẹ wá wo ohun tí ó dun àwọn òbí yẹn jù: a kò sọ fún wa, a kò rí àyè kọ̀. Màmá Leeds ní ìwé lọ́wọ́. Wọ́n lè gbé e délé, wọ́n lè fi han ọmọ, bàbá lè bínú sí i. Bí wọ́n bá kọ̀, wọ́n á ṣì ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún wọn. Bí wọ́n bá gbà lónìí tí wọ́n yí ohùn padà lọ́la, kò sẹ́ni tó máa béèrè ìdí. Ẹni tí kò bá rí irú àyè yìí, kó sá. Ẹni tó bá rí i, kó jókòó ka ìwé.

Mo tún ní nǹkan kan láti sọ tí inú ẹlòmíràn lè má dùn sí. Gbogbo ọdún tí mo lò, àwọn aláwọ̀ dúdú tí mo bá nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. A máa ń kọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà a ó máa ráhùn pé èsì tí wọ́n gbé jáde kò bá tiwa mu. Àpẹẹrẹ kékeré: awọ ara wa máa ń hu kèlóìdì (àpá tó máa ń wú kọjá ojú ọgbẹ́) ju ti òyìnbó lọ, èjìká sì wà lára ibi tó fẹ́ràn láti hù sí. Ta ló máa mọ bí ojú ọgbẹ́ wa ṣe ń rí bí kò bá sí ojú ọgbẹ́ wa nínú ìwé wọn?

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó ní "ta ló ń ṣẹ́ kèké lórí ara èèyàn", mo gbọ́ yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn níbí ló wà lẹ́yìn yín: dókítà ló kàwé, òun ni kó yàn. Ó dùn ún gbọ́. Mi ò fara mọ́ ọn.

Inú tíátà ni mo ti rí i pé dókítà méjì tí ọ́fíìsì wọn kọjú síra lè má fi irin kan náà sí ẹni kan náà. Ọ̀kan kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tó fẹ́ràn èyí tó tẹ̀lé ti Ọlọ́run, ìkejì kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹni tó máa ń yí i padà. Ọkàn àwọn méjèèjì balẹ̀ dáadáa. Bí lẹ́tà màmá bá bọ́ sórí tábìlì ti àkọ́kọ́, ọ̀kan nìyẹn; bó bá bọ́ sórí tábìlì èkejì, òmíràn nìyẹn. Kèké náà kọ́ ni wọ́n ṣẹ́ yẹn? Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó máa kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín. Àwo ike tí wọ́n máa ń fi sí ẹ̀yìn èjìká, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ eegun, ibẹ̀ ló sì ti sábà máa ń bàjẹ́. Apá ń lọ apá ń bọ̀, orí irin á máa tẹ etí àwo sọ́tùn-ún sósì, títí àwo á fi máa mì bí eyín ọmọdé. Àwọn kan wá ní kí wọ́n fi irin ti àwo náà lẹ́yìn, kí eegun fúnra rẹ̀ hù wọ inú irin, kí wọ́n yé lo sìmẹ́ǹtì. Ó bọ́gbọ́n mu. Pascal Boileau àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé ṣẹ́ kèké lórí èjìká 40, ogún sí ìhín, ogún sí ọ̀hún, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2002. Nínú X-ray, ìlà dúdú tó ń fi hàn pé nǹkan kò lẹ̀ mọ́ra dáadáa yọ lára 85 nínú ọgọ́rùn-ún àwo ike. Lára ti irin, 25 péré. Bí a bá ní kí àgbà dókítà yàn níbẹ̀ yẹn, irin ni ì bá nawọ́ sí, tí yóò sì búra lé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún bíi mẹ́ta kọjá, àwo ike tó tú kò sí ẹyọ kan. Ti irin, ìdá kan nínú márùn-ún ti tú. Wọ́n pa irin yẹn tì.

Èjìká 40 péré! Láìsí kèké, wọn ì bá ti fi sí ẹgbẹ̀rún èèyàn lára kí ojú tó là.

Ẹni tó wá gbé BMJ, ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti 2024 wá, o ṣeun. Òótọ́ ni: wọ́n wo iṣẹ́ abẹ 11,961 tí wọ́n ṣe fún àwọn ẹni ọgọ́ta ọdún sókè ní England, àwọn tí wọ́n fi èyí tó yí padà sí lára kò padà wá sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ tó àwọn yòókù láàárín ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Nígbà tó pẹ́ síwájú, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan mọ́. O ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Kò tíì parí. Àwọn dókítà ló yan ẹni tó gba èwo nínú gbogbo 11,961 yẹn, ìwádìí náà kò ṣẹ́ kèké. Èkejì, ẹni tí kò padà sórí tábìlì kò túmọ̀ sí ẹni tí ara rẹ̀ dá. Èyí tó yí padà ṣòro láti tún ṣe, mo ti wà níbi tí ọ̀gá ti wo X-ray, tó mí kanlẹ̀, tó ní kí aláìsàn máa fara dà á. Kò sí ibi tí wọ́n kọ mímí kanlẹ̀ yẹn sí.

* * *

Ẹni tó ní kí wọ́n máa mu àgbo, kí wọ́n fi èjìká sílẹ̀: egungun rírọ̀ tó bo orí oríkèé ti jẹ tán. Àgbo ò lè hù ú padà. Dókítà náà ò lè hù ú padà, ìdí tí wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Físíò àti oògùn ìrora ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbìyànjú, ó sì dájú pé màmá ti kọjá ibẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sínú èjìká ńkọ́? Ó máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Àmọ́ bí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ bá ti ń súnmọ́, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ gbà á, torí ó lè ṣí ilẹ̀kùn fún kòkòrò. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń ní kí oṣù mẹ́ta kọjá lórí abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ibẹ̀.

* * *

Gèlè. Mo mọ̀ pé a máa débẹ̀.

Ìbéèrè tí Ìyá Ìbejì béèrè ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí tí ẹ̀yin ọkùnrin ń jà lé lórí: lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe é, ṣé màmá á lè wé gèlè? Ṣé wọ́n á lè kọ́ kọ́mú lẹ́yìn? Ṣé wọ́n á lè pọn ọmọ-ọmọ?

Àǹtí mi kan ní Peckham ní èyí tó yí padà ní èjìká òsì. Kí wọ́n tó ṣe é, wọn kì í sùn. Nísinsìnyí wọ́n ń sùn bí ọmọ tuntun, wọ́n ń gbé apá sókè, wọ́n ń wé gèlè (kì í ṣe ti ará Èkó tó ga bí ilé o, gèlè jẹ́jẹ́). Ohun tí kò padà ni kíkó ọwọ́ sẹ́yìn. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń ṣan ìdí láti kékeré, wọ́n wá rí i pé ọwọ́ kò dé ibẹ̀ mọ́ bó ṣe yẹ. Ẹni ọdún 71 wá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀tún ṣan ìdí. Wọ́n sunkún lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run dárí jì mí, mo tún bá wọn sunkún. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn ṣáájú, bẹ́ẹ̀ dókítà mọ̀: kíkó ọwọ́ sẹ́yìn ni ibi tí èyí tó yí padà ti sábà máa ń lọ́ra. Èyí tó tẹ̀lé ti Ọlọ́run sábà máa ń ṣe dáadáa jù lápá ibẹ̀ bí iṣan bá pé.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n rẹ̀. Ìwé ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń pè ní Oxford Shoulder Score, láti 1996. Ìbéèrè 12 ni, máàkì 0 sí 48. Ó ń béèrè bóyá o lè wọṣọ, bóyá o lè wọ mọ́tò, bóyá o lè fi ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì jẹun, bóyá o lè ya irun, bóyá o lè gbé tíréè oúnjẹ gba inú yàrá kọjá, bóyá ìrora ń jí ọ lóru. Ó dára. Àmọ́ ta ní ń gbé tíréè nílé wa? Kò sí gèlè níbẹ̀, kò sí ọmọ pípọ̀n, kò sí àmàlà rírò, kò sí ìforíkanlẹ̀ lórí ìrun, tí ènìyàn á fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀ dìde. Bàbá kan tí wọ́n ṣe tirẹ̀ níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ gba máàkì tó ga gan-an. Mo bá a pàdé lẹ́yìn náà níbi ìkómọjáde, ó ní òun ò lè dọ̀bálẹ̀ fún àna òun, ìtìjú náà ń pa òun. Máàkì tó ga, ojú tó bà jẹ́.

Nítorí náà, bí màmá bá máa kópa, kí wọ́n kọ tiwọn sí ẹ̀yìn ìwé. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè wọ́n láti béèrè bí ara ṣe rí, kí wọ́n sọ ti gèlè. Àwọn tó ń gba èsì máa ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, mo ti rí wọn.

* * *

Ó yẹ kí n padà sórí ohun tuntun gan-an, torí ẹnì kan ní mo ń polongo fún ilé ìwòsàn, bíi pé gbogbo ìdánwò ló dára.

Rárá o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni tí wọ́n dán nǹkan wò lára ní tòótọ́. Paris, 1893. Oníbúrẹ́dì kan, ẹni ọdún 37, ikọ́ ẹ̀gbẹ ti jẹ eegun èjìká rẹ̀. Dókítà Jules-Émile Péan fi platinum àti rọ́bà líle ṣe èjìká fún un. Kò sí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ rí. Nígbà tó di bí ọdún méjì, wọ́n yọ ọ́ jáde torí àrùn náà kò jẹ́ kí ojú ibẹ̀ jinná.

Lónìí, irin tuntun ní láti la ọ̀nà kọjá. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé e sórí ẹ̀rọ. Ìlànà kan wà tí ẹ̀rọ ń gbọn orí irin lórí àwo ike síwá sẹ́yìn ní ìgbà 100,000, tí wọ́n ṣírò sí gbígbé ẹrù líle ìgbà 25 lójúmọ́ fún ọdún mẹ́wàá. Àmọ́ ẹ̀rọ kì í ta gììrì lójú oorun, kì í ṣubú lórí yìnyín, eegun rẹ̀ kì í rọ bí ti ìyá àgbà. Ó lè yege lórí ẹ̀rọ kó tú nínú ènìyàn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí Göran Selvik bẹ̀rẹ̀ ní Lund, ní Sweden, lọ́dún 1974. Wọ́n á fi ìlẹ̀kẹ̀ irin wẹ́wẹ́ bí orí abẹ́rẹ́ sínú eegun tó yí oríkèé ká, lẹ́yìn náà wọ́n á máa ya X-ray méjì pọ̀ láti ìhà méjì. Bí irin bá sún kúrò láyè rẹ̀ ní ohun tí kò tó mìlímítà kan, wọ́n á rí i. Bí irin ṣe ń sún láàárín ọdún méjì lè fi hàn bóyá yóò tú lọ́jọ́ iwájú. Ogún tàbí ọgbọ̀n ènìyàn tó, kò dìgbà tí ẹgbẹ̀rún bá ti jìyà. Bí màmá ẹnikẹ́ni bá wà níwájú irin tuntun ní tòótọ́, béèrè bóyá wọ́n ti ṣe èyí.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ASR, ìbàdí àtọwọ́dá tí ilé-iṣẹ́ DePuy ṣe. Ó kọjá gbogbo ìwé àṣẹ. Ìwé àkọsílẹ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ eegun ní Australia ló kọ́kọ́ ta wọ́n lólobó pé àwọn èèyàn ń padà wá sórí tábìlì jù. Wọ́n yọ ọ́ lọ́jà níbẹ̀ ní 2009, nígbà tó sì di August 2010 wọ́n kó o kúrò lọ́jà gbogbo ayé. Nǹkan bíi 93,000 ló ti wà lára àwọn èèyàn. Láti ìgbà yẹn ni mi ò ti ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà "tuntun" mọ́. Irin tí kò sẹ́ni tó ń tọpa rẹ̀ ni mò ń bẹ̀rù, ìbáà ti pé ogún ọdún. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní irú ìwé àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, National Joint Registry. Ìbàdí àti orúnkún ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní 2003. Èjìká kò wọ inú rẹ̀ àfi ní 2012. Ẹ fọwọ́ sí i kí wọ́n kọ orúkọ yín síbẹ̀. Àwọn kan máa ń kọ̀ torí wọn ò fẹ́ kí ìjọba mọ ọ̀rọ̀ ara wọn. Bí irin rẹ bá bàjẹ́, ibo ni wọ́n fẹ́ ti rí ọ?

* * *

Fún ẹni ọdún 56 tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ní Birmingham tó fẹ́ kí wọ́n tètè ṣe tòun kó lè padà sẹ́nu iṣẹ́: má kánjú. Wọ́n wo iṣẹ́ abẹ èjìká 58,054 ní England, ìwé náà jáde ní 2019. Obìnrin tó ti pé ọdún 85 sókè, ẹyọ kan nínú 37 ló ṣeé ṣe kó tún un ṣe títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọkùnrin tó wà láàárín ọdún 55 sí 59, ẹyọ kan nínú mẹ́rin. Bí o bá ń fi èjìká yẹn gbé aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì lójoojúmọ́, irin máa jẹ. Bá dókítà sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ kó tó sọ̀rọ̀ irin.

* * *

Ẹni tó kọ̀wé láti Èkó pé àwọn fẹ́ fi owó ara wọn ra èjìká fún bàbá wọn: ìmọ̀ràn mi kúrú. Gbogbo páálí irin ló ní sítíkà lára tí nọ́ńbà wà lórí rẹ̀. Ọ̀kan máa ń wà fún fáìlì aláìsàn. Ẹ ní kí wọ́n lẹ èkejì mọ́ ìwé tí ẹ máa gbé lọ sílé. Láti May 2021, òfin ilẹ̀ Yúróòpù ní kí ẹni tí wọ́n fi irin sí lára gba káàdì tó ń sọ irú irin tó jẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ béèrè fún un, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ mẹ́ta ó kéré tán.

Mo ń sọ ọ́ torí mo ti rí i. Wọ́n gbé ìyá kan wá láti ilé ìwòsàn kan, n ò ní sọ ibi tó jẹ́. Èjìká rẹ̀ ti tú, a fẹ́ ṣí i, kò sẹ́ni tó mọ irin tó wà nínú rẹ̀. Screwdriver tó bá irin kan mu kò bá òmíràn mu. A kó irinṣẹ́ oríṣi mẹ́rin jọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ ilé onílé. Wákàtí mẹ́ta tó yẹ kó gbà di márùn-ún àbọ̀. Gbogbo rẹ̀ nítorí sítíkà tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ.

* * *

Àbúrò ti padà wá, ó ní òun ti ka ìwé náà. Irin méjèèjì ni wọ́n ti ń lò ní ilé ìwòsàn yẹn tẹ́lẹ̀, kèké nìkan ni tuntun. Dókítà ní CT scan màmá fi hàn pé iṣan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì di ara mú, eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká náà kò jẹ jù. Àwọn yóò máa pè wọ́n fún ọdún mélòó kan, àwọn á sì máa kó ìdáhùn wọn pọ̀.

Ó dára. Bó bá jẹ́ ìyá mi, màá ní kí wọ́n fọwọ́ sí i. Kí wọ́n kọ́kọ́ bi dókítà ní ìbéèrè yìí lójú: "Bí kò bá sí ìwádìí, èwo lẹ máa fi sí mi?" Bó bá ṣiyèméjì, tó ní òun ò mọ̀, kèké tọ́ sí i. Bó bá yára dárúkọ ọ̀kan, tó sì sọ ohun tó rí nínú X-ray màmá tó fi rò bẹ́ẹ̀, èyí tó dárúkọ yẹn ni kí wọ́n gbà, kí wọ́n fi ìwádìí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kí wọ́n béèrè bóyá ó ń ṣe oríṣi méjèèjì déédéé, torí dókítà tó ń ṣe ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló yẹ kí bàbá bẹ̀rù, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n sì béèrè nípa ọṣẹ tí wọ́n máa fún wọn láti fi fọ èjìká àti abíyá kí ọjọ́ tó pé. Kòkòrò kan wà tó ń gbé inú awọ èjìká, ó lè wọ ibi irin lọ, kó farapamọ́ fún oṣù púpọ̀ láìsí ibà, láìsí ọyún. Ìrora tí kò lọ nìkan ni ènìyàn á rí.

Àti kèlóìdì. Kí wọ́n fi ojú ọgbẹ́ àtijọ́ han dókítà.

* * *

Wọ́n ti fọwọ́ sí i! Àbúrò ní màmá bi í ní ìbéèrè náà, dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò mọ̀ lóòótọ́. Ó wá kọ ọ̀rọ̀ gèlè sínú fáìlì níwájú wọn.

Bàbá náà ti rọ̀. Ìbéèrè kan ló kù lẹ́nu wọn, àbúrò ní kí n dáhùn rẹ̀ níbí torí òun ò lè sọ ọ́ fún wọn: bí apá ọ̀tún bá máa wà nínú aṣọ ìgbékọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ta ló máa ro àmàlà?

Bàbá ni, sà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí omi hó dáadáa kí ẹ tó da èlùbọ́ sí i.